Bí A Ṣe Ń Yan Sáúnà Ilé Tí EMF Rẹ̀ Kéré: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ìdílé ní Ilẹ̀ Ọ̀kun

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará Kábbà, Bùnú, Ìjùmú, Mọ́pà, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀.

Kí ènìyàn jókòó sínú ooru kí òógùn lè bọ́ kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa. Ta ni kò rántí ìkòkò àgbo tó ń ru gùdù lábẹ́ ìbora, ewé dóńgóyárò àti ewé mọ́ńgòrò nínú rẹ̀, tí ìyá àgbà dúró tì wá pé a kò gbọdọ̀ tíì jáde? Àwọn ará Finland kọ́ ilé fún tiwọn: yàrá onípákó tí wọ́n ń pè ní sáúnà. Ní 2020 ni UNESCO kọ àṣà náà mọ́ ogún tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Nísinsìnyí, àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ń fi sáúnà oníná ránṣẹ́ sí àwọn òbí tí eegun ń ro lẹ́yìn ebè kíkọ, àwọn tó fẹ̀yìn tì sì ń fi í sínú ilé tuntun. Ọ̀rọ̀ EMF ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi wá.

Kí ni EMF?

Ibi tí iná bá ti wà nínú wáyà, agbára kan tí ojú kò rí máa ń tàn yí i ká. Òun là ń pè ní EMF. Oríṣi méjì ni. Ti electric wà níbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí wáyà bá ti kan iná, kódà kí ẹ má tíì tan nǹkan kan. Ti òòfà kì í sí àfi ìgbà tí iná bá ń ṣàn nínú wáyà, bí iná tó ń ṣàn bá sì ṣe pọ̀ tó ni òòfà náà ṣe ń lágbára tó. Sáúnà oníná tí ẹ̀rọ ooru rẹ̀ wà lára ògiri ń jẹ iná púpọ̀, ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ sì ń fẹ̀yìn ti ibi tí ooru ti ń jáde gan-an. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi kàn án ju fìríìjì lọ.

Ní 2002, IARC, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé (WHO) tó ń rí sí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ, fi òòfà iná ilé sí ìpele 2B: ó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó wà kò tó. Ìwádìí lórí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ lára àwọn ọmọdé tí òòfà ilé wọn ju 0.3 sí 0.4 microtesla lọ (microtesla ni a fi ń wọn agbára òòfà) ló mú wọn sọ bẹ́ẹ̀. Òdiwọ̀n tí ICNIRP, àjọ àwọn onímọ̀ tó ń sọ ibi tí irú agbára yìí kò gbọdọ̀ kọjá, gbé kalẹ̀ ní 2010 fún ará ìlú lórí iná 50Hz bíi tiwa jẹ́ 200 microtesla. Ẹ rí i pé àlàfo ńlá ló wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì. Èrò tèmi ni pé ogún ìṣẹ́jú nínú sáúnà kò yẹ kó gba oorun lójú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bí iye owó kan náà bá lè ra èyí tí òòfà rẹ̀ kéré, òun ni kí ẹ rà.

Ohun tí ẹ ó bi ẹni tó ń tà á

"Low EMF" tí wọ́n kọ sára páálí kò tíì sọ nǹkan kan. Oníkálukú ló ń fún un ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Ẹ bi í pé: nọ́ńbà mélòó? Ibo lẹ gbé mítà tó ń wọn EMF sí nígbà tí ẹ wọ̀n ọ́n? Òòfà máa ń rọlẹ̀ kíákíá bí a bá ti ń jìnnà sí wáyà, nítorí náà nọ́ńbà tí wọ́n kà ní àárín yàrá kò wúlò fún ẹ̀yìn tó kan ògiri. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n níbi tí ẹ̀yìn, ìdí àti ẹsẹ̀ máa wà, kí gbogbo ẹ̀rọ ooru wà ní títàn. Àwọn kan ń fi milligauss wọn òòfà: milligauss 10 ló ṣe microtesla 1, nítorí náà 3 milligauss àti 0.3 microtesla, bákan náà ni.

Ẹ bi í pẹ̀lú bóyá ó wọn ti electric, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í dárúkọ rẹ̀. Sáúnà tí wọ́n ṣe dáadáa, wáyà tí iná ń gbà lọ àti èyí tó ń gbà bọ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ra, tàbí kí wọ́n lọ́ wọn pọ̀ bí okùn, kí òòfà èkíní lè pa ti èkejì. Ti electric ní tirẹ̀, irin ni wọ́n fi ń bo wáyà, irin náà á sì kan ilẹ̀.

Ẹ má fi fóònù wọ̀n ọ́n. Òòfà ilẹ̀ ayé fúnra rẹ̀ ni fóònù máa ń kà jù.

Earthing ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù lọ. Earthing ni wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà wọ inú ilẹ̀. Àwọn ilé kan wà tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn lójú mẹ́ta, àmọ́ wáyà méjì péré ló dé ibẹ̀. Bí earthing kò bá sí, irin tó bo wáyà sáúnà kò rí ibi gbé agbára electric lọ, owó tí ẹ fi ra low EMF ti wọ igbó nìyẹn. Èyí tó burú jù ni pé bí wáyà bá bọ́ kan irin, ara tó ń làágùn ni iná máa gbà kọjá. Ẹ jẹ́ kí oníná tó mọṣẹ́ ri ọ̀pá bàbà mọ́lẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti máa ń tutù, bíi ẹ̀gbẹ́ ibi tí omi balùwẹ̀ ń ṣàn sí. Ilẹ̀ olókùúta tiwa máa ń gbẹ háúháú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iná kì í sì í fẹ́ wọ ilẹ̀ gbígbẹ. Kó fi RCD 30mA, ẹ̀rọ tó ń já iná lójú ẹsẹ̀ bí iná bá ń jò, sí i, kó sì fa wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ má fi extension tàn án láé.

Sáúnà 2,000 watt ń jẹ yúnìtì 2 ní wákàtí kan. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí kò tó 1kVA kò lè gbé e. Bátìrì inverter 12V, 200Ah kan, bó bá tilẹ̀ kún dẹ́nu, kò ju yúnìtì 2.4 lọ, kò sì yẹ kí a lò ó gbẹ.

Tí ọmọ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun

Iná Amẹ́ríkà àti Kánádà jẹ́ 120V, tiwa jẹ́ 230V. Ìyá kan ní Ìsánlú gba sáúnà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà. Oníná fi stepdown, ẹ̀rọ tó ń sọ 230V di 120V, sí i, ó gbé e sábẹ́ ìjókòó kó má bàa gba àyè. Nígbà tí a gbé mítà débẹ̀, abẹ́ ìjókòó ìyá yẹn ni òòfà ti pọ̀ jù nínú gbogbo ilé. A gbé stepdown náà lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, nọ́ńbà sì wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ tètè sọ fún àwọn ọmọ pé 230V ni kí wọ́n rà. Ògiri kì í dá òòfà dúró, nítorí náà ẹ má gbé sáúnà ti ògiri tí ibùsùn ọmọdé wà lẹ́yìn rẹ̀.

Pákó àti sáúnà onígi

Àwọn òyìnbó fẹ́ràn arère fún ìjókòó sáúnà, igi inú igbó wa níbí, nítorí kì í gbóná jó ara, kò sì ní oje. Ẹ má kun inú rẹ̀ ní fánííṣì. Ikán fẹ́ràn arère, ẹ gbé e sórí kọnkéré.

Ní abúlé tí iná kì í dúró, sáúnà onígi ni èmi yóò yàn: EMF rẹ̀ kò sí rárá. Ẹ fi amọ̀ kọ́ ọ, kí ẹnu ààrò wà níta, kí páìpù gbé èéfín gba òkè jáde. Ẹ má gbé ìkòkò èédú wọ inú rẹ̀, èéfín tí kò ní òórùn ń pa ènìyàn. Ẹ má sì dáná èèpo kóró kajú, bó ti wù kó pọ̀ tó ní oko yín. Èéfín rẹ̀ ń ta ojú àti ara.

Àwọn tó yẹ kó ṣọ́ra

Aláboyún, ọmọdé, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹni tó ní àrùn ọkàn, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS: kí wọ́n rí dókítà kí wọ́n tó wọlé. Ooru a máa dín àtọ̀ ọkùnrin kù fún ìgbà díẹ̀, kí ẹni tó ń wá ọmọ ṣọ́ra. Sáúnà kò wo ibà. Ẹ ṣe àyẹ̀wò, kí ẹ lo oògùn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú 10 ti tó. Ẹ mu omi ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má mu ẹmu tàbí ọtí, kí ẹnì kan wà nílé tó mọ̀ pé ẹ wà nínú rẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà tí mítà kà sára ilẹ̀kùn, kí oníná lè fi wé ti tuntun nígbàkígbà tó bá tún un ṣe.