Bí A Ṣe Ń Fi Oúnjẹ àti Ètò Ojúmọ́ Ayurveda Tọ́jú Nǹkan Oṣù Tó Ń Ṣe Ségesège

Ẹ kọ́kọ́ ka ọjọ́. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni ọjọ́ kìíní. Ẹ máa kà á lọ títí òmíràn fi dé, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Bó bá ń wá láàárín ọjọ́ 21 sí 35, tí iye ọjọ́ náà kì í sì í yí padà púpọ̀ láti oṣù dé oṣù, kò ṣe ségesège. Ti ọmọdébìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè tó ọjọ́ 45. Bó bá pẹ́ tí oyún sì ṣeé ṣe, ẹ ṣe àyẹ̀wò oyún ná.

Àwọn oníṣègùn Ayurveda, ìyẹn ìṣègùn ìbílẹ̀ Íńdíà, gbà pé agbára mẹ́ta ló ń darí ara: Vata (ti afẹ́fẹ́), Pitta (ti iná) àti Kapha (ti omi àti ilẹ̀). Bí nǹkan oṣù bá ń pẹ́, tó kéré, tó sì ń dunni, Vata ni wọ́n ń fura sí. Bó bá ń tètè dé, tó pọ̀, tí ara sì ń gbóná, Pitta ni. Bó bá ń pẹ́, tó ki, tí ara sì wúwo, Kapha ni.

Wọ́n ní ti Vata ló wọ́pọ̀ jù, oúnjẹ gbígbóná tó rọ̀ ni wọ́n sì fi ń tọ́jú rẹ̀. Kichari, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí a sè pọ̀ títí tó fi rọ̀, ni olórí wọn. Ẹ rẹ ìlàjì ife ẹ̀wà mung tí a ti bó sínú omi fún wákàtí méjì. Ẹ dà á mọ́ ìlàjì ife ìrẹsì, ife omi mẹ́rin, ìlàjì ṣíbí kékeré atalẹ̀ pupa, àti atalẹ̀ díẹ̀ tí a rin. Ẹ sè é fún ogójì ìṣẹ́jú títí yóò fi rọ̀ bí ògì, kí ẹ wá yan kumini ṣíbí kékeré kan nínú ghee (bọ́tà yíyọ́) ṣíbí ńlá kan, kí ẹ dà á lé e. Ẹ̀wà tí a kò rẹ máa ń kó afẹ́fẹ́ síkùn, afẹ́fẹ́ gan-an ni wọ́n sì ń sá fún.

Yànmọtí yíyan, ṣíbí ńlá kan lóòjọ́ pẹ̀lú ṣúgà ìrèké dúdú díẹ̀, ni wọ́n ń jẹ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú nǹkan oṣù. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń pọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, torí wọ́n ní ó ń mú ara gbóná. Wọ́n ní kí aboyún náà má jẹ ẹ́.

Ẹ fi òróró yànmọtí lílọ́wọ́ọ́wọ́ ra gbogbo ara fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó wẹ̀, àmọ́ ẹ fi í sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń wá. Ẹ jẹ oúnjẹ tó pọ̀ jù lọ́sàn-án, kí ẹ sì sùn ní aago mẹ́wàá alẹ́. Lójú tiwa, ètò yìí ṣe pàtàkì ju ewé èyíkéyìí lọ. Ààwẹ̀ àsọdùn láti fọn lè dá nǹkan oṣù dúró pátápátá, torí ara tí kò rí oúnjẹ tó kì í tú ẹyin sílẹ̀.

Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá láìrí i, tàbí páàdì ń kún láàárín wákàtí kan fún wákàtí mélòó kan léraléra, ilé ìwòsàn ló kàn: PCOS (àìsàn omi ara tó ń dí ilé ẹyin lọ́wọ́ láti tú ẹyin sílẹ̀ déédéé) tàbí àìsàn táírọ́ìdì, ẹṣẹ́ tó wà ní ọrùn, lè wà níbẹ̀, oúnjẹ nìkan kò sì lè wò wọ́n. Ẹ ṣọ́ra fún oògùn Ayurveda oníhóró àti oníyẹ̀fun tí a kò mọ ibi tó ti wá. Wọ́n ti rí òjé àti mákúrì nínú àwọn kan. Bí ẹ bá ti ń lò ó, ẹ gbé ike rẹ̀ lọ fún dókítà.