Kí àkọ́rọ̀ tó dé: bí a ṣe ń ti ọ̀nà mọ́ eku, aáyán àti ẹ̀fọn

Ní Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, ìparí oṣù kejì ọdún ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Àkọ́rọ̀ sábà máa ń rọ̀ nínú oṣù kẹta, òjò ńlá á sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di oṣù keje. Bí omi bá ti ya wọ ihò eku lóko àti lẹ́yìnkùlé, inú ilé wa ni ibi gbígbẹ tó kù, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń bọ̀. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó ń gbọ́ wọn lórí àjà ti pẹ́. Sìmẹ́ǹtì tí a bá fi dí ihò nínú òjò kì í tètè gbẹ, kí ilẹ̀ sì tó mọ́, eku á ti tún un gbẹ́.

Nǹkan tí ẹ máa nílò kò pọ̀. Ẹ wá yanrìn, àfọ́kù ìgò, wáyà alásẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe àgò adìẹ (ẹ mú èyí tí ojú rẹ̀ há jù lọ), pàkúté mélòó kan, àti táyà alùpùpù tó ti gbó. Ẹ má ra odindi àpò sìmẹ́ǹtì torí ihò mẹ́rin. Ẹ bẹ bíríkìlà tó ń ṣiṣẹ́ ládùúgbò fún agolo méjì, kò ní kọ̀.

Oúnjẹ ni a kọ́kọ́ ń kó. Gààrí, ẹ̀wà àti ẹ̀pà, inú garawa onídèérí ni àyè wọn. Àpò kò jẹ́ nǹkan kan lójú eku. Bí àgbàdo bá pọ̀ ju garawa lọ, ẹ gbé àpò rẹ̀ sórí pákó tó ga kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ láàárín òun àti ògiri kí ẹ lè máa rí ẹ̀yìn rẹ̀. Nínú ilé tèmi, abọ́ kì í sùn láìfọ̀. Ẹ mọ ìyókù.

Ihò dídí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Wọ́n á rí ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáná, wọ́n á po amọ̀, wọ́n á rẹ́ ẹ, wọ́n á ṣanwọ́, ó parí. Eku tó wà nínú ilé nígbà yẹn ti di onílé nìyẹn. Bí kò bá gbẹ́ ọ̀nà mìíràn, á kú sínú ògiri, òórùn rẹ̀ á sì lé ẹ̀yin gan-an síta. Ìlú tó ni Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ tó ń dáàbò bo Kétu, kò yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ bí a ṣe ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ihò tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ rún bébà tàbí ewé gbígbẹ, kí ẹ fi dí gbogbo ihò tí ẹ bá rí, ẹ má kì í le. Lówùúrọ̀, èyí tí wọ́n bá tì kúrò ni ọ̀nà wọn. Ẹ wo ibi tí bébà náà bọ́ sí. Bó bá bọ́ síta, inú ilé ni wọ́n ti jáde. Bó bá bọ́ sínú ilé, ìta ni wọ́n ti wọlé. Ẹ má sì fojú kéré ihò kankan: èyí tí gègé bírò lè wọ̀ tó èkúté kékeré, èyí tí àtàǹpàkò wọ̀ tó àwọn ńlá. Ẹ gbójú sókè pẹ̀lú, nítorí àyè tó wà láàárín orí ògiri àti páànù ni ọ̀nà àbáwọlé tó tóbi jù nínú ọ̀pọ̀ ilé, kò sì sí ẹni tó ń wò ó.

Pàkúté ló ń ṣáájú sìmẹ́ǹtì. Eku ń fura sí ohun tuntun, nítorí náà ẹ gbé pàkúté sílẹ̀ fún òru méjì kan láìdẹ ẹ́, kí oúnjẹ wà lórí rẹ̀, kí wọ́n jẹ ẹ́ kí ara wọn balẹ̀. Ní òru kẹta, ẹ wá dẹ ẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni kí ó wà, kí ibi tí oúnjẹ wà kọjú sí ògiri, torí ẹ̀gbẹ́ ògiri ni eku ń gbà rìn, kì í gba àárín iyàrá. Àwọn kan ń fi ẹja yíyan sí i. Èmi kùlíkùlí ni mo ń lò, ẹ kàn fi epo pupa díẹ̀ rẹ́ ẹ mọ́ ọn kó má baà ṣeé gbé sá lọ.

Ìgbà tí pàkúté bá ti sùn bí òru mẹ́ta láìmú nǹkan, tí bébà inú ihò kò sì mì mọ́, ni kí ẹ tó po sìmẹ́ǹtì. Eyín iwájú eku ń hù ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ máa rún nǹkan kí eyín náà má baà gùn jù. Nítorí náà ẹ gbàgbé igi, ike, aṣọ àti amọ̀. Mo mọ ẹni tó fi ọṣẹ dí ihò. Eku jẹ ọṣẹ náà. Àfọ́kù ìgò ni kí ó kọ́kọ́ wọlé, kí ó jìn tó àtẹ́lẹwọ́, kí wáyà tí ẹ ti rún tẹ̀ lé e, kí sìmẹ́ǹtì wá bò ó. Bó bá jẹ́ ilé alámọ̀, ẹ ha erùpẹ̀ tó ti rọ̀ kúrò lẹ́nu ihò, kí ẹ sì wọ́n omi sí ògiri kó tutù dáadáa. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ògiri gbígbẹ á fa omi inú sìmẹ́ǹtì mu, gbogbo rẹ̀ á sì ṣí bọ́. Ẹ fi wáyà dí abẹ́ páànù. Ẹ gé táyà náà, kí ẹ kàn án mọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kí ó máa gbálẹ̀.

Ẹ á ní oògùn ńkọ́? Èmi kì í lò ó nínú ilé. Eku tó jẹ májèlé kì í kú sí ojú tí a lè rí i, ológbò àti adìẹ yín ló sì máa ń kọ́kọ́ rí òkú rẹ̀. Èyí tó burú jù ni oògùn òwú tó ṣẹ́ kù láti oko. Endosulfan pa àwọn ènìyàn ní ilẹ̀ wa nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ń fi í wọ́n òwú, ní ọdún 2011 ni àdéhùn àgbáyé ti Stockholm sì kà á mọ́ àwọn oògùn tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì. Ìgò kékeré dichlorvos, oògùn kòkòrò tó ń ti Nàìjíríà wọlé náà, NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, fòfin dè é lọ́jà tiwọn ní 2019. Ẹ má fi wọ́n ilé tí ọmọ ń sùn sí.

Ẹ má fi ọwọ́ lásán mú òkú eku. Àrùn Lásà ti ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ wa, ní Tanguiéta ní 2014 àti ní Tchaourou ní 2016, inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ni ó sì ń gbé. Ẹ ki ọwọ́ bọ ọ̀rá, kí ẹ sin òkú náà. Ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a ní gbígbẹ, eruku rẹ̀ ni à ń sá fún. Ẹ da omi Javel (bleach tí a fi ń fọ aṣọ funfun) lé e, ife kan sí ife omi mẹ́sàn-án, ẹ jẹ́ kó rin fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tó fi àkísà nù ún. Eku tí pàkúté mú nínú ilé kì í ṣe ẹran, bó ti wù kí àwọn ọmọ bẹ̀bẹ̀ tó.

Aáyán kò le. Inú páálí tí a gbé ti ọjà dé ni ọ̀pọ̀ wọn ń bá wọlé, pẹ̀lú ẹyin wọn. Ẹ kó ẹrù sílẹ̀ lójúde, kí páálí má wọlé rárá. Èyí tó bá ti wà nílé, omi ọṣẹ tó ki á pa á. Bí ìjàlọ bá sì ya wọlé, ẹ kó ọmọ àti adìẹ jáde, kí ẹ fi ilé sílẹ̀ fún wọn: wọ́n á gbá aáyán àti àkekèé mọ́, wọ́n á sì bá tiwọn lọ.

Ti ikán, ẹ ha ọ̀nà amọ̀ rẹ̀ kúrò lára ògiri, kí ẹ gbé igi ìdáná jìnnà sí ilé. Ọ́ìlì dúdú tí àwọn mẹkáníìkì ń dànù dára fún ẹsẹ̀ òpó ìta, kì í ṣe ti iyàrá. Ní alẹ́ tí esunsun bá jáde, ẹ pa iná ìta, àfi bí ẹ bá fẹ́ dín wọn jẹ.

Ó ku ẹ̀fọn. Omi inú ilẹ̀ jìn ní Kétu, ìdí nìyẹn tí a fi ń gbe omi òjò jọ sínú kòtò oní-sìmẹ́ǹtì, ibẹ̀ sì ni ẹ̀fọn ń yé sí. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ògbólógbòó bo ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó gbé ìdérí lé e, kí ẹ sì so òmíràn mọ́ ẹnu ọ̀pá tí omi páànù ń gbà wọlé. Tanwíji kò nílò ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ kó tó di ẹ̀fọn, nítorí náà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kí ẹ máa da omi àwo, agolo àti táyà nù. Inú abọ́ tí adìẹ fi ń mumi ni mo ti máa ń bá tanwíji jù. Ọmọ tó kéré jù nílé lè mójú tó ìyẹn.