Yíyan kì í lé mẹ́kúrì kúrò lára ẹja

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gé ẹran ẹja sínú ike kékeré fún àyẹ̀wò mẹ́kúrì, irin olómi tó jẹ́ májèlé, ní àríwá Ontario, ní Kánádà. Bí ìgbà ooru bá ti dé, màá rí àwọn èèyàn wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, wọ́n á ra ìwọ̀, wọ́n á ra fírísà ńlá, wọ́n á tún náwó sórí ohun tí kò lè gbà wọ́n. Ó ń dùn mí gan-an.

Èkínní, ẹ má rò pé odò tó jìnnà sí ìlú ti mọ́ nìyẹn. Láàárín 1962 sí 1970, ilé iṣẹ́ pépà kan ní ìlú Dryden, ní Ontario níbí, da mẹ́kúrì tó tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 9 sínú odò Wabigoon. Àwọn Anishinaabe, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀, ti Grassy Narrows, tí odò náà ń ṣàn lọ bá, ni wọ́n jẹ ẹja rẹ̀. Ọwọ́ ń gbọ̀n, ojú ò ríran dáadáa mọ́, ìyà ọ̀hún ò sì tíì tán lára wọn. Níbi tí kò sí ilé iṣẹ́ kankan pàápàá, òjò àti yìnyín ń gbé mẹ́kúrì wá láti inú èéfín èédú. Àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí nínú ẹrẹ̀ ló ń sọ ọ́ di irú èyí tó ń wọ ara ẹja.

Èkejì, ẹ yé fi ẹja ńlá yangàn. Ẹja kì í tètè dàgbà nínú omi tútù. Pike, ẹja odò tó ń pa ẹja mìíràn jẹ, tó bá gùn tó apá yín, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé ẹja kéékèèké mì, gbogbo mẹ́kúrì ara wọn ló sì kó jọ.

Èyí tó wá ń bí mi nínú jù ni ti yíyan. Ẹ̀gbọ́n kan pa pike mẹ́fà, wọ́n ká wọn, wọ́n ti ìrù bọ ẹnu, wọ́n fi igi gún un pọ̀ bí a ti ń ṣe é nílé. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yan án, owó gidi ni wọ́n kó lé e. Wọ́n ní, "Àbúrò, iná á ti lé e jáde." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gé díẹ̀." Mo gé lára ọ̀kan kí ó tó wọ iná, mo sì tún gé lára ẹja kan náà nígbà tó gbẹ. Nínú gíráàmù kan, ti gbígbẹ ju ìlọ́po méjì tútù lọ. Omi nìkan ni iná lé. Tí ẹja kílò kan bá gbẹ di gíráàmù 400, mẹ́kúrì inú kílò náà ló kóra jọ sínú 400 yẹn. Ẹran ara ẹja gan-an ló so mọ́. Àṣé wọ́n ti di mẹ́ta lára ẹja náà sílẹ̀ fún ọmọ wọn obìnrin tó lóyún oṣù márùn-ún. Mẹ́kúrì yìí ń gba ibi ọmọ kọjá lọ sí ọpọlọ ọmọ inú. Ẹ̀gbọ́n dákẹ́, wọ́n tú àpò náà.

Ọsàn wẹ́wẹ́ àti álọ́ọ̀mù: yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ ara ẹja ni wọ́n ń fọ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Gígé ọ̀rá kúrò dára nítorí àwọn kẹ́míkà mìíràn tó ń sá sínú ọ̀rá. Mẹ́kúrì ò sí níbẹ̀.

Bébà tí wọ́n fi ń yẹ omi wò, ẹ má rà á. Ohun tó wà nínú omi lè kéré débi tí bébà ò ní rí i, kí ti ara ẹja sì fi ìlọ́po mílíọ̀nù jù ú lọ.

Adágún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi dáàmù ṣe náà ń kọ́? Ní odò La Grande, ní Quebec, ilẹ̀ tí omi bò ló mú kí mẹ́kúrì ara ẹja ga fún ọ̀pọ̀ ọdún.

N ò ní kí ẹ má jẹ ẹja o. Whitefish tó ń jẹ kòkòrò àti ìgbín wẹ́wẹ́ sàn ju pike lọ dáadáa, walleye kékeré náà sì sàn ju ńlá. Ìjọba Ontario ní ìwé atọ́nà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wá orúkọ omi yín níbẹ̀, kí ẹ wo irú ẹja àti gígùn rẹ̀. Ẹ fi téèpù aránṣọ wọ̀n ọ́n láti ẹnu dé òpin ìrù. Iye tí àwọn obìnrin tó ṣì lè bímọ àti ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 15 lè jẹ dá wà lọ́tọ̀. Ẹ má ka ti àgbàlagbà fún wọn.

Ẹni tó bá ti jẹ púpọ̀, kó dáwọ́ dúró ná: ní nǹkan bí àádọ́ta ọjọ́, ara á ti lé ìdajì jáde. Aláboyún ní tirẹ̀, kó sọ fún dókítà rẹ̀, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ tàbí irun rẹ̀ wò.