Ẹ̀yin tó ń kọ ìtàn owó, bí iṣẹ́ yín ṣe máa dé ẹnu àwọn ẹlòmíràn nìyí

Ilé ìkàwé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Oǹdó, ọ̀dọ̀ mi sì ni àwọn olùkọ́ kékeré tó ń kọ́ni ní ìtàn máa ń sá wá bí ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ bá kù sí dẹ̀dẹ̀. "Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo iye èèyàn tó ti tọ́ka sí iṣẹ́ mi." Ó ti pẹ́ jù nígbà yẹn. Láti ìgbà tí ẹ ti ń wá ìwé kiri ni wọ́n ti ń pilẹ̀ ìtọ́kasí.

Ẹ kọ́kọ́ wá ohun tí ẹlòmíràn kò ní. Pé West African Currency Board, ìgbìmọ̀ tó ń ṣe owó ayé òyìnbó, bẹ̀rẹ̀ ní 1912, pé Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ṣílẹ̀kùn ní oṣù keje 1959, gbogbo wa la ti kà á. Ẹni tó bá tún un kọ, ta ló máa tọ́ka sí i? Ṣùgbọ́n ìwé ìfowópamọ́ àgbẹ̀ kan ní Ìdànrè, tó kó owó kòkó rẹ̀ sí ọ̀kan nínú àwọn báńkì ọmọ ìbílẹ̀ tó wó lẹ́yìn Òfin Báńkì ọdún 1952, ìyẹn kò sí nínú ìwé ìjọba òyìnbó tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé alájọ, rìsíìtì àwọn tó ń ra kòkó, ìwé àdéhùn oko tí wọ́n fi dógò: inú àpótí àwọn ìdílé ni kí ẹ ti béèrè wọn, ní Oǹdó, ní Àkúrẹ́, ní Ọ̀wọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ilé mú yín wọlé, ẹ kí àgbà, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ má gbé ìwé onílé lọ.

Bí àgbà bá wá ń sọ iye owó, ẹ béèrè ọdún kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀. Láyé pọ́n-ùn, kọ́bọ̀ méjìlá ni ṣílè kan, tọ́rọ́ jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́ta, sísì sì jẹ́ mẹ́fà. Nígbà tí náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, ṣílè mẹ́wàá di náírà kan, kọ́bọ̀ sì di ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún náírà. Àwọn àgbà ṣì ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá tuntun ní ṣílè. Ẹni tí kò bá béèrè ọdún yóò da owó ìgbà méjì pọ̀ mọ́ra, ẹni tó mọ ìṣirò yóò sì rí i lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ó di National Archives, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba, ní Ìbàdàn, nínú ọgbà Yunifásítì. Ẹ mú lẹ́tà láti ẹ̀ka yín, káàdì ìdánimọ̀ àti pẹ́ńsùlù dání. Fáìlì tí wọ́n kọ Ondo Prof sí lára, ìyẹn ti Ondo Province láyé òyìnbó, ni kí ẹ béèrè. Ẹ kọ nọ́ńbà fáìlì sí gbogbo ojú ìwé tí ẹ bá dà kọ.

Iye owó tí ẹ bá rí, ẹ tò ó sí tábìlì, kí ẹ fi nọ́ńbà fáìlì sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé kò ráyè lọ jókòó sí Ìbàdàn, tábìlì yín ni wọ́n máa gbà lò, wọn yóò sì tọ́ka sí i. Ẹ fi orúkọ ìlú àti ọdún sí àkọlé. Ẹ má bẹ̀rù bó bá pẹ́: àpilẹ̀kọ onímọ̀ ìtàn A. G. Hopkins lórí bí owó ẹyọ ṣe kásẹ̀ nílẹ̀ ní ilẹ̀ wa jáde ní 1966 nínú jọ́nà Historical Society of Nigeria, wọ́n ṣì ń tọ́ka sí i.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló ń dùn mí jù. Lónìí Adébáyọ̀ O., lọ́la Adebayo O. T., lẹ́yìn ìgbéyàwó ó di Adebayo-Akinola: ẹ̀rọ yóò kà yín sí èèyàn mẹ́ta. Ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ sì dúró tì í. Ẹ gba nọ́ńbà ORCID, tó ń ya òǹkọ̀wé kan sọ́tọ̀ sí ẹlòmíràn, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi ímeèlì yunifásítì ṣí ojú ìwé tiyín lórí Google Scholar, tó ń ka ìtọ́kasí iṣẹ́ yín, kí ẹ sì sọ fún un pé kó máa béèrè lọ́wọ́ yín kó tó fi iṣẹ́ kún un, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ Adebayo mìíràn tó ń kọ̀wé lórí ẹ̀gẹ́ yóò wọlé. (Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan níbí. Inú rẹ̀ dùn títí ìgbìmọ̀ fi béèrè.)

Nọ́ńbà h tí ìgbìmọ̀ ìgbéga ń béèrè kò le: iye iṣẹ́ yín tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ó kéré tán iye ìtọ́kasí kan náà ni. Ká ní iṣẹ́ yín márùn-ún ní ìtọ́kasí 12, 8, 4, 3 àti 1: mẹ́ta ni h yín, nítorí ẹ ní iṣẹ́ mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ó kéré tán ìtọ́kasí mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹ kò ní iṣẹ́ mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní mẹ́rin. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ní igba ìtọ́kasí kò lè gbé h kọjá ọ̀kan. Ìwé ńlá ni onímọ̀ ìtàn ń kọ, nọ́ńbà yìí kì í ṣe ọ̀rẹ́ wa, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà yín. Ẹ sì sọ ibi tí ẹ ti mú un, torí Scopus, àkójọ ìtọ́kasí mìíràn, kì í ká gbogbo ìwé àti jọ́nà ilẹ̀ wa, iye tirẹ̀ sábà máa ń kéré sí ti Google Scholar.

Bí ẹ bá tẹ ojú ìwé náà jáde fún ìgbìmọ̀, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí i, iye náà kì í dúró lójú kan.