Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Láàrin Àwọn Tí Wọ́n Ń Sá fún Òkèlè Kí Wọ́n Lè Fọn

Láàrin àwa Yorùbá tí a fi Àbújá ṣe ibùgbé, láti Kubwa títí dé Nyanya, a kì í pẹ́ gbọ́ mọ́ pé ẹnì kan ti jáwọ́ nínú òkèlè pátápátá nítorí pé ó fẹ́ fọn. Iṣẹ́ ọ́fíìsì tí a fi ń jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ tí a ń wọ̀ lọ wọ̀ bọ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ ṣe iṣẹ́ rẹ̀, àti ayẹyẹ òpin ọ̀sẹ̀ tí kì í tán, gbogbo wọn ni ó ń dá kún ọ̀rá tí ń kóra jọ sí wa níkùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ dín in kù ń ṣe ohun tí ó yẹ, nítorí pé sísanrajù a máa fa ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti ìrora orúnkún. Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é ni ó ń kọ mí lóminú. Dídín oúnjẹ afúnnilókun, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kabohídíréètì, kù níwọ̀nba lè ran ènìyàn lọ́wọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí a gbá gbogbo rẹ̀ dànù lọ́jọ́ kan ṣoṣo, láìní ètò àti láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀, ni ó ń bí àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ kìlọ̀ nípa wọn.

Ìlànà yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1863, William Banting, ará Lọ́ńdọ̀nù kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ètò ìsìnkú, tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde láti sọ bí òun ṣe fọn nígbà tí òun fi búrẹ́dì, ṣúgà, bíà àti ọ̀dùnkún òyìnbó sílẹ̀. Ní ọdún 1921, dókítà Russell Wilder ti Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà dábàá oúnjẹ tí ọ̀rá pọ̀ nínú rẹ̀, tí kabohídíréètì sì kéré jọjọ, èyí tí a mọ̀ sí kétò lónìí. Àwọn alárùn wárápá ni ó tìtorí wọn gbé e kalẹ̀, abẹ́ àmójútó dókítà ni wọ́n sì ti ń jẹ ẹ́. Ó yẹ kí ẹni tí ó rí kétò lórí fóònù rẹ̀, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, fi èyí sọ́kàn.

Kíka omi sí ọ̀rá

Àṣìṣe tí ó ń tan ènìyàn jù lọ ni ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tí ó dá iyán, ẹ̀bà, ìrẹsì àti búrẹ́dì dúró lójijì lè gun òṣùwọ̀n lẹ́yìn ọjọ́ méje kí ó rí i pé kílò méjì tàbí mẹ́ta ti lọ, inú rẹ̀ yóò sì dùn pé ọ̀rá ti ń yọ́. Omi ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó lọ. Ara a máa tọ́jú díẹ̀ nínú ṣúgà tí ó rí nínú oúnjẹ pamọ́, bíi 100 giramu sínú ẹ̀dọ̀ àti bíi 400 giramu sínú iṣan àgbàlagbà. Ṣúgà ìpamọ́ yìí, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ gláíkójìn, kì í dá gbé. Bí gààrí tí a rẹ ṣe ń fa omi mọ́ra ni òun náà ṣe ń ṣe, tí giramu kan rẹ̀ ń di bíi giramu mẹ́ta omi mú. Bí oúnjẹ afúnnilókun kò bá wọlé mọ́, ara yóò ná ìpamọ́ náà láàrin ọjọ́ mélòó kan, omi tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ yóò sì bá ìtọ̀ jáde. Kíndìnrín pàápàá yóò máa da iyọ̀ àti omi nù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé ínsúlínì, èròjà tí ara fi ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ti lọ sílẹ̀. Bí ẹni náà bá wá jẹ túwó ní ọjọ́ kan tàbí méjì, omi yóò padà, òṣùwọ̀n yóò sì gòkè. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọjọ́ yìí ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn pa gbogbo ètò náà tì, nígbà tí kò tilẹ̀ sí ọ̀rá kankan tí ó padà wá.

Ní apá àríwá tí a wà yìí, omi tí ń lọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré rárá. Nínú oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin, ooru Sókótó àti Maiduguri a máa kọjá 40°C, ooru Àbújá náà kì í sì í ṣe èyí tí a ń fojú di. Ẹni tí kò jẹ oúnjẹ afúnnilókun, tí ó ń làágùn, tí kò sì mu omi tó, yóò ní orí fífọ́, òyì àti àárẹ̀, yóò sì máa rò pé ọ̀rá tí ń jó ni ó ń fà á. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì lákòókò kan náà, ewu náà ń pọ̀ sí i, nítorí pé kò lè mu omi títí di ìgbà ìṣínu. Èmi kò rí ìdí kankan tí ènìyàn fi ní láti bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí nínú oṣù ààwẹ̀.

Fífi òróró àti ẹran dí àyè òkèlè

Kálórì ni a fi ń wọn agbára inú oúnjẹ. Giramu kan kabohídíréètì ń fún ara ní kálórì mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ náà ni giramu kan pùrótéènì, èròjà tí ó ń mú ara dàgbà; giramu kan ọ̀rá ń fún un ní mẹ́sàn-án. Ṣíbí ìjẹun kan òróró tó nǹkan bíi 120 kálórì, ta ni ó sì ń fi ṣíbí wọn òróró nígbà tí ó ń se ọbẹ̀? Ẹni tí ó gbé àmàlà kúrò nílẹ̀, tí ó wá ń fi súyà ọlọ́ràá, ẹyin díndín àti ọbẹ̀ tí òróró léfòó lórí rẹ̀ yó, lè máa jẹ kálórì tí ó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ láìmọ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, yóò máa ṣe kàyéfì pé òun kò jẹ òkèlè, síbẹ̀ òun kò fọn.

Ìwádìí kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn mọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2018, Christopher Gardner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford gbé àbájáde iṣẹ́ tí wọ́n fi ọdún kan gbáko ṣe jáde. Àgbàlagbà 609 tí wọ́n sanra jù ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì: wọ́n ní kí àwọn kan dín ọ̀rá kù, kí àwọn yòókù dín kabohídíréètì kù. Nígbà tí ọdún yípo, àwọn tí wọ́n dín ọ̀rá kù ti fi kílò 5.3 fọn ní ìpíndọ́gba, àwọn tí wọ́n dín kabohídíréètì kù sì ti fi kílò 6.0 fọn, ìyàtọ̀ tí kò tó ohun tí a lè gbára lé. Wọ́n ti kìlọ̀ fún tọ̀tún tòsì wọn pé kí wọ́n jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa, kí wọ́n sì yẹra fún ṣúgà àfikún àti ìyẹ̀fun tí a ti lọ̀ tí a sì ti bó èèpo rẹ̀ dànù. Nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, a rí ẹni tí ó fọn gan-an, a sì rí ẹni tí ó tún sanra sí i. Ohun tí èyí ń sọ fún mi ni pé iye oúnjẹ tí ènìyàn jẹ lápapọ̀, àti bí ó ṣe lè dúró ti ètò rẹ̀ pẹ́ tó, ni ó ń pinnu, kì í ṣe òkèlè nìkan. Ìdí tí ọ̀nà yìí fi ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kan ni pé ẹran, ẹja àti ẹyin a máa tètè yó ni, àti pé ẹni tí kò jẹ búrẹ́dì àti ìpápánu mọ́ ti dín ohun tí ó ń jẹ kù láìmọ̀.

Kíka ẹ̀wà àti jéró mọ́ ṣúgà

Àṣìṣe yìí dùn mí púpọ̀, nítorí pé ibi tí oúnjẹ gidi wà nílẹ̀ ni a ti ń ṣe é. Oúnjẹ afúnnilókun kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Bisikíìtì àti ẹ̀wà kì í ṣe ẹgbẹ́, ìyẹ̀fun funfun àti jéró kì í ṣe ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n àwọn kan ti kó gbogbo rẹ̀ dànù pọ̀ títí kan ọsàn àti ìbẹ́pẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2023 pé ó kéré tán, kí àgbàlagbà máa jẹ 400 giramu ẹ̀fọ́ àti èso lójúmọ́, kí ó sì máa rí 25 giramu fáíbà, ìyẹn apá oúnjẹ tí inú kì í lè dà tán, tí ó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀, tí ó sì ń jẹ́ kí oúnjẹ pẹ́ nínú ẹni. Ẹran àti òróró kò ní fáíbà kankan. Ẹni tí ó bá fi wọ́n dípò ohun gbogbo yóò máa jókòó pẹ́ nílé ìgbẹ́.

Ní ọjà Wuse àti ọjà Garki, ẹ̀wà oríṣiríṣi, jéró, ọkà bàbà àti acha tí wọ́n ń kó wá láti Plateau wà lọ́pọ̀ yanturu. Túwó ọkà bàbà tí a kò bó èèpo rẹ̀, pẹ̀lú ọbẹ̀ kúkà tí òróró rẹ̀ kò pọ̀, ṣe ara lóore ju sẹ̀mó lọ. Kì í ṣe pé kí a wá fi jẹ àjẹyókùn o. Túwó náà a máa gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè bí òkèlè rẹ̀ bá tóbi jù. Ẹ̀wà sísè àti mọ́ínmọ́ín ní tiwọn ń kó pùrótéènì àti fáíbà wá pọ̀, ẹni tí ó fẹ́ fọn kò sì gbọ́dọ̀ fi wọ́n ṣe ọ̀tá.

Ìwádìí mìíràn tí ó jáde ní ọdún 2018, tí wọ́n ṣe lára àgbàlagbà 15,428 ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé àwọn tí kabohídíréètì kó ìdá 50 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí wọ́n ń rí nínú oúnjẹ ni ikú kéré jù láàrin wọn; ó pọ̀ sí i láàrin àwọn tí tiwọn kò tó 40, ó sì pọ̀ sí i láàrin àwọn tí tiwọn ju 70 lọ. Àwọn tí wọ́n fi ẹran dí àyè rẹ̀ ni ó burú fún, àwọn tí wọ́n fi ẹ̀pà àti oúnjẹ inú igi àti ewéko dí i ni ó sàn fún. Irú ìwádìí yìí kò lè fi ẹ̀rí múlẹ̀ pé oúnjẹ náà ni ó fa ikú, ṣùgbọ́n ó tó kí ènìyàn fi ronú.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, àwọn kan wà tí wọ́n sá fún ẹ̀bà, tí wọ́n sì ń mu ẹlẹ́rìndòdò lójoojúmọ́. Ike 50cl kan lè ní nǹkan bíi 50 giramu ṣúgà, bẹ́ẹ̀ sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ kí a má ṣe kọjá bíi 25 giramu lóòjọ́ bí ó bá ṣeé ṣe. Kúnú, sóbò àti fúrá tí a da ṣúgà sí wà nínú ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú. Bí ẹ kò bá lè ṣe nǹkan mìíràn, ẹ fi àwọn wọ̀nyí sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan àwo òkèlè yín.

Àwọn tí kò gbọ́dọ̀ dá a ṣe

Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Lóòótọ́, Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Ìtọ̀ Ṣúgà ti Amẹ́ríkà gbà ní ọdún 2019 pé dídín kabohídíréètì kù a máa mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà fún ẹni tí ó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì, tàbí tí ó ń lo glibenclamide tàbí glimepiride: oògùn náà ń fa ṣúgà wálẹ̀, àìjẹun náà ń fà á wálẹ̀, ẹni náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, yóò máa làágùn, ojú rẹ̀ yóò ṣú, ó sì lè dákú lójú ọ̀nà tàbí lẹ́yìn ìdarí ọkọ̀. Àwọn tí wọ́n ń lo dapagliflozin tàbí empagliflozin ní ewu mìíràn, nítorí pé ásíìdì lè kún inú ẹ̀jẹ̀ wọn nígbà tí ṣúgà wọn kò tilẹ̀ ga. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fúnra rẹ̀ dá oògùn dúró kí ó lè ṣe kétò, kí ó má sì bẹ̀rẹ̀ kétò láìsọ fún dókítà tí ó kọ oògùn fún un. Ẹni tí ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pàápàá èyí tí ń mú ni tọ̀, ní láti ṣọ́ra bákan náà, kí ìfúnpá rẹ̀ má baà já wálẹ̀ jù.

Aláboyún, ìyá tí ń fọ́mọ lọ́mú àti ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn kò gbọ́dọ̀ dán an wò fúnra wọn. Àwọn tí wọ́n ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde wà lára wọn pẹ̀lú, nítorí pé àìtó omi nínú ara jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí ń ta ìrora wọn jí. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá, bíi National Hospital ní Àbújá àti ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Gwagwalada, ní onímọ̀ nípa oúnjẹ tí a lè bá sọ̀rọ̀.

Òfin tí ilé kò lè pa mọ́

Yorùbá ní oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀. Òfin tí ó bá sọ pé kí ènìyàn má fẹnu kan òkèlè mọ́ láyé kì í pẹ́ dojú dé, nítorí pé a ó pe ẹni náà sí ìkómọ, àwọn ará ilé rẹ̀ yóò máa jẹ iyán níwájú rẹ̀, ìyàwó kò sì lè máa se ìkòkò méjì lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ ń pa á mọ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, wọn yóò sì fi ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù gbẹ̀san ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó sàn kí gbogbo ilé jọ jẹ ọbẹ̀ kan náà, kí òkèlè ẹni tí ó fẹ́ fọn má ju ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ kan lọ, kí ẹ̀fọ́ tàbí ilá gba ìdajì àwo rẹ̀, kí ẹja, ẹran tí kò lọ́ràá tàbí ẹ̀wà sì gba ibi tí ó kù. Kí ó fi ìrìn kún un, ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ní àárọ̀ kí oòrùn tó mú, ì báà jẹ́ ní àyíká ilé rẹ̀ tàbí ní Millennium Park ní Maitama.

Bí ó bá ń fi ìdajì kílò sí kílò kan fọn lọ́sẹ̀, kò sí ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó. Kí ó máa gun òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní ọjọ́ kan náà, ní àárọ̀ lẹ́yìn tí ó ti tọ̀, kí ó sì fi téèpù wọn ìbàdí rẹ̀ lóṣooṣù, nítorí pé omi kì í fi bẹ́ẹ̀ da òǹkà téèpù rú bí ó ṣe ń da òǹkà òṣùwọ̀n rú. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí téèpù àti òṣùwọ̀n kò yí padà, kí ó kọ ohun gbogbo tí ó jẹ àti èyí tí ó mu fún ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀, kí ó sì gbé e lọ fún onímọ̀ nípa oúnjẹ.