Bí Mo Ṣe Ṣètò Ìtọ́jú Àwọn Aláìsàn Rọpárọsẹ̀ Tí A Yà Sọ́tọ̀ Nígbà Kòrónà

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Àbújá láti agogo mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, wọ́ọ̀dù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Èkó kò ní aláìsàn kòrónà kankan. Àwọn tí rọpárọsẹ̀ dá wó, àwọn tí ìjàǹbá ọkọ̀ ba eegun ẹ̀yìn wọn jẹ́, àti àwọn tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ nítorí ìtọ̀ ṣúgà ló kún ibẹ̀. Iṣẹ́ físíò ni mò ń ṣe: èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi là ń kọ́ irú wọn bí wọn yóò ṣe tún jókòó, bí wọn yóò ṣe dìde, bí wọn yóò ṣe rìn, tí wọn yóò sì fi ọwọ́ ara wọn wẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ilé ìwòsàn ti fòfin de àbẹ̀wò pátápátá. Ọ̀gá wa pè mí, ó ní kí n wá ọ̀nà tí iṣẹ́ wa kò fi ní dúró lára àwọn aláìsàn tí ará ilé wọn kò ní fojú kàn mọ́, kí n sì máa kọ ohun tí ojú wọn ń rí sílẹ̀. Bí mo ṣe ṣe é ni mo fẹ́ ròyìn.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo mú ìwé kékeré kan dání, mo ń lọ láti ibùsùn dé ibùsùn, mo sì ń béèrè lọ́wọ́ aláìsàn àti nọ́ọ̀sì ohun tí ẹbí máa ń ṣe fún ẹni náà láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ìdáhùn wọn gùn. Ní àwọn ilé ìwòsàn wa, ẹbí ló ń wẹ aláìsàn, tó ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, tó ń sáré lọ ra oògùn, tó ń yí i padà lóru kí ẹ̀gbẹ́ kan má baà dégbò. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú ní ọ̀nà ọ̀fun, aya rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ló mọ bí a ṣe ń fi ṣíbí kékeré bu ẹ̀kọ fún un, tí yóò ní kó tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà kó tó gbé e mì, kí ó má baà pá a lórí. Àwa físíò kì í lò ju bí wákàtí kan lọ pẹ̀lú aláìsàn lójúmọ́. Ẹbí ló ń bá a ṣe ìyókù, bẹ́ẹ̀ sì ni ọpọlọ tí rọpárọsẹ̀ bà jẹ́ kì í tún nǹkan kọ́ àyàfi pẹ̀lú àṣetúnṣe, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sì máa ń yá a jù. Nítorí náà, ọjọ́ tí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹbí ni a ti dín ìtọ́jú náà kù. Ẹni tó bá rò pé àdáwà nìkan ni ìyàsọ́tọ̀ ń mú wá kò tíì sun wọ́ọ̀dù wa rí.

Mo pín ohun tó wà nínú ìwé náà sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí nọ́ọ̀sì lè gbà ṣe, èyí tí aláìsàn lè ṣe fúnra rẹ̀ bí a bá kọ́ ọ, àti èyí tí kò ní ẹni tí yóò ṣe é. Ọ̀nà kẹta yìí ló gba ìrònú jù. Àwọn nọ́ọ̀sì díẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ òru kò lè máa yí gbogbo wọ́ọ̀dù padà ní wákàtí méjì méjì kí wọ́n tún máa fún wọn lóògùn. Mo gé páálí, mo ya ojú aago sí i, mo gbé e kọ́ sí ìgbèrí olúkúlùkù, kí ẹni tó bá ń kọjá lè rí ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kí aláìsàn fi sùn ní wákàtí náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́kadà kan wà níbẹ̀ tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tí agbára pọ̀ ní apá rẹ̀. Òun ló fi ara rẹ̀ joyè asọ́-aago. Bí wákàtí bá ti pé, á ké láti orí kẹ̀kẹ́ rẹ̀: “Nọ́ọ̀sì, ó ti tó àkókò Bàbá ẹ̀bá fèrèsé o!” Nígbà tó yá, ó ń bá wọn ti ìrọ̀rí sẹ́yìn àwọn tí ibùsùn wọn wà nítòsí tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í da aláìsàn kan láàmú. Wọ́n fi òwú gba ayẹ̀wò nínú imú àti ọ̀fun rẹ̀, èsì ní kòrónà ni, ọkọ̀ sì gbé e lọ sí ibùdó ìyàsọ́tọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ wà nínú yàrá kan di ẹni tí a ní láti tì mọ́lé fún ọjọ́ 14, torí pé láàárín ìgbà náà ni àìsàn yìí máa ń fara hàn bí ó bá ti wọlé síni lára. Ìyá kan tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún fi aṣọ bojú, wọ́n ní: “Dókítà, ṣé èmi náà lẹ fẹ́ gbé lọ sínú igbó?” N kò tètè mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rántí pé ọmọdé ni wọ́n nígbà tí ṣọ̀pọ̀ná ṣì ń jà, kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde lọ́dún 1980 pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo ayé, wọ́n sì ti fojú rí ẹni tí wọ́n gbé lọ sí abà tó jìnnà sí ilé. Ní ti àwa òṣìṣẹ́, Ẹ̀bólà ọdún 2014 ló ń dúró lọ́kàn wa, èyí tó mú ènìyàn 20 ní Nàìjíríà, tó pa 8, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sì wà lára wọn. Ẹ̀rù ń bà wá, aláìsàn sì ń rí i lójú wa. Mo ṣàlàyé fún ìyá náà pé ibì kankan kọ́ là ń gbé wọn lọ, mo sì fi bírò pupa kọ ọjọ́ tí a ó ṣílẹ̀kùn sára kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri ní ọ̀kánkán wọn. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbé aṣọ kúrò lójú. Ọ̀pọ̀ wọn ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àìmọ ìgbà tí yóò parí ló dun àwọn ju títì gan-an lọ.

Àwa tí à ń wọlé tọ̀ wọ́n lọ ní láti wọ aṣọ ìdáàbòbò, ìbomú, awò ojú àti ìbọ̀wọ́. Ooru rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe fún aláìsàn burú ju ooru lọ. Bàbá kan tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì wà lára wọn, rọpárọsẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn: wọ́n ń gbọ́ díẹ̀ nínú ohun tí a bá sọ, ètè àti ojú ẹni ni wọ́n sì fi ń mọ ìyókù. Nígbà tí a bo gbogbo rẹ̀, a di àjèjì sí wọn, bí a bá na ọwọ́ sí wọn, wọn á fa tiwọn sẹ́yìn. Mo rántí ohun tí mo ti kà nípa Làìbéríà, níbi tí ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, Mary Beth Heffernan, ti bá àwọn òṣìṣẹ́ Ẹ̀bólà lẹ àwòrán ojú wọn mọ́ àyà aṣọ ìdáàbòbò ní ọdún 2015. Mo tẹ àwòrán tí mo ti ń rẹ́rìn-ín jáde lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà, mo sì kọ orúkọ mi gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀. Mo fi nǹkan kan kún un: kí n tó múra, mo máa ń lọ dúró níta fèrèsé onígíláàsì, n ó kí wọn láìfi nǹkan bojú, n ó sì fi ara mi ṣàpẹẹrẹ ohun tí a máa ṣe lọ́jọ́ náà kí wọ́n rí i. Bí mo bá wá wọlé, Bàbá Olùkọ́ á wo àwòrán, wọn á wo awò ojú mi, wọn á sì na ọwọ́.

Yàrá ìdárayá wa ti di títì, nítorí náà ohun tó wà lẹ́bàá ibùsùn ni mo fi ṣe irinṣẹ́. Ìgò omi tó kún ni wọ́n ń gbé kí apá lè lágbára. Ìró tí a ká gígùn ni wọ́n ń gbé sábẹ́ ẹsẹ̀ tí wọ́n sì ń fà wá sókè, kí iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ má baà sún kì. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n gbà wá láyè láti wọlé, mo sì fi ohun tó léwu, bíi dídìde, sí ìgbà yẹn, kí n lè máa ka èyí tí a lè ṣe ní ìjókòó fún wọn lọ́sàn-án láti ojú fèrèsé. Kò tó. Àwọn kan tó ti ń fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọ̀nà tún padà di ẹni tí a ń dì mú kó tó lè dìde, n kò sì rí ọgbọ́n kankan dá sí i, torí ìrìn kò ṣeé kọ́ láàárín ibùsùn àti ògiri.

Ti fóònù ló gba sùúrù jù lọ. Mo béèrè àkókò tí ó rọ ẹbí kọ̀ọ̀kan lọ́rùn, nọ́ọ̀sì sì ń bá mi gbé fóònù kan tí a fi ọ̀rá wé dé ọwọ́ aláìsàn. Ìpè àkọ́kọ́ ti Bàbá Olùkọ́ kò dára rárá: ìyàwó, ọmọ àti ọmọ-ọmọ ń pariwo pọ̀, “Bàbá, ẹ sọ̀rọ̀ o! Ṣé ẹ mọ̀ wá?” Bàbá kọjú sí ògiri. Mo pe ọmọbìnrin wọn àgbà lọ́tọ̀, mo ní kí ẹnìkan ṣoṣo máa sọ̀rọ̀, kí gbólóhùn kúrú, kí ìbéèrè jẹ́ èyí tí a lè mi orí sí, kí wọ́n sì dúró títí ìdáhùn yóò fi dé. Mo ní bó bá ṣeé ṣe kí wọ́n kọrin, nítorí ẹni tí rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ṣì lè kọ orin tó ti mọ̀ tipẹ́ nígbà mìíràn. Ibi tí orin ń gbà nínú ọpọlọ yàtọ̀ díẹ̀ sí ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbà. Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin náà dá orin tí wọ́n fi máa ń bẹ̀rẹ̀ àdúrà àárọ̀ nílé wọn. Ètè Bàbá gbọ̀n, nígbà tó kan ègbè, wọ́n gbà á, ọ̀rọ̀ náà sì jáde geere. Nọ́ọ̀sì tó di fóònù mú ti ń jó nínú aṣọ ìdáàbòbò rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni fídíò bá lára mu. Alhaja kan kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn ọmọ òun kò gbọ́dọ̀ rí ẹnu òun tó wọ́; ohùn nìkan ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n máa gbọ́, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn, bí ìpè bá ti parí ni ẹkún ń bẹ̀rẹ̀. Kódà láìsí ìyàsọ́tọ̀ rárá, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń mú, nítorí náà mo ń béèrè nípa oorun àti oúnjẹ wọn lójoojúmọ́, mo sì ń sọ fún dókítà bí mo bá rí i pé ẹnìkan ti ń dá àwo padà láìfọwọ́ kàn án. Ẹni tó dákẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹni tó ń bú wa nítorí mọ́ínmọ́ín tí kò níyọ̀, ara rẹ̀ ń yá.

Nígbà tí a ṣí yàrá náà, òfin àbẹ̀wò kò tíì kúrò. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í dẹwọ́ kónílé-ó-gbélé ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, ṣùgbọ́n ìrìnàjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn ṣì jẹ́ èèwọ̀ títí di ọjọ́ 1 oṣù Keje, débi pé ẹni tí ẹbí rẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn kò lè retí wọn bí ilẹ̀kùn tilẹ̀ ṣí. Mo kó gbogbo ohun tí mo kọ jọ, mo mú un tọ àwọn aláṣẹ lọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo béèrè: kí wọ́n gba ará ilé kan ṣoṣo láyè fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan, kó jẹ́ ẹni kan náà lójoojúmọ́, kí a kọ́ ọ bí a ṣe ń lo ìbomú àti bí a ṣe ń fọ ọwọ́, kí a sì kà á mọ́ òṣìṣẹ́ dípò àlejò. Wọ́n jiyàn lé e lórí pẹ́, àwíjàre wọn kò sì ṣófo, nítorí ìbomú tó wà nílẹ̀ kò tó àwa òṣìṣẹ́ pàápàá. Níkẹyìn, wọ́n gbà á fún kìkì àwọn tí kò lè fi ọwọ́ ara wọn jẹun àti àwọn tí kò lè sọ̀rọ̀. Ọmọ Bàbá Olùkọ́ wọlé, wọ́n ní ti ọlọ́kadà kò kan an, apá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. N kò fara mọ́ ọn, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìròyìn mi, nítorí ẹni tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́ ni ẹbí rẹ̀ ní ohun tó pọ̀ jù láti kọ́ kó tó padà sílé: bí a ṣe ń gbé e láti ibùsùn sórí kẹ̀kẹ́, bí a ṣe ń tọ́jú rọ́bà ìtọ̀, bí a ṣe ń wo ìdí àti gìgísẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ bóyá egbò ti fẹ́ yọ. Orí fóònù ni mo ti kọ́ ìyá rẹ̀ ní gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ìrọ̀rí tí wọ́n gbé sórí àga nílé bíi pé òun ni aláìsàn.