Bí mo ṣe ṣe mékọ̀ọ̀pù fún ìyá ìyàwó ẹni ọdún 64 nínú ọyẹ́

Ìdána ọmọ wọn ni, ní Ìbàdàn, láàárín oṣù Kejìlá, nígbà tí ọyẹ́ ti gba gbogbo ìlú. Ẹni ọdún 64 ni Màmá. Pélé wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn méjèèjì, ìpéǹpéjú wọn ti rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀, awọ ojú wọn gbẹ. Ọmọ ni mo kọ́kọ́ ṣe lójú. Nígbà tí ó kan ìyá, ọ̀pọ̀ ohun tí mo lò fún ọmọ ni mo kó tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Bí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró lára obìnrin, òróró tí awọ ń mú jáde fúnra rẹ̀ a dínkù, awọ a fẹ́lẹ́, kì í sì í lè di omi mú bíi ti tẹ́lẹ̀. Àtíkè ní tirẹ̀ a máa fa omi àti òróró mu. Tí ẹ bá da àtíkè lé awọ tí kò ní tó, yóò fa ìwọ̀nba tó kù níbẹ̀, yóò sì lọ jókòó sínú gbogbo ìlà ojú. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ojú ọ̀pọ̀ ìyá ìyàwó fi máa ń dán ní aago mẹ́jọ àárọ̀, tí yóò sì ti sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn kí wọ́n tó mú ìyàwó jáde.

Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Mo ní kí Màmá fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọjú tí kì í hó púpọ̀ fọ ojú, kí wọ́n má fi ọṣẹ dúdú kàn án, torí pé eérú inú rẹ̀ le, ó sì máa ń bó òróró kúrò lójú. Kí ojú tó gbẹ tán, wọ́n yọ́ òrí tó tó hóró ẹ̀wà kan láàárín àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi pa ojú àti ọrùn. Alẹ́ ni òrí wúlò jù. Tí ẹ bá fi pa ojú láàárọ̀ tí ẹ sì kun foundation (ìpara aláwọ̀ ara tí a fi ń mú kí ojú dọ́gba) lé e, foundation náà kò ní rí ibi dì mú, yóò máa yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ imú.

Láàárọ̀, omi nìkan ni mo fi nu ojú. Nígbà tó ṣì rin díẹ̀, mo mú ìpara tó ní gílísíríìnì, ìwọ̀n hóró ẹ̀pà méjì, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú àti ọrùn láì ra á. Lẹ́yìn náà mo wo aago, mo sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yìí ni àwa oníṣẹ́ máa ń fò nígbà tí ilé bá kún tí wọ́n sì ń pariwo pé àlejò ti dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó. Ìpara tí kò tíì wọlé yóò pò mọ́ foundation, ojú yóò sì rí pátipàti. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn: ó tutù, kò lẹ̀. Mo fi tíṣù tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kó lè gba èyí tó ṣẹ́kù. Ní gbogbo àkókò yìí, òrí díẹ̀ wà ní ètè wọn.

Lẹ́yìn náà ni primer, ìpara tí a ń fi ṣáájú kí foundation lè dì mú: ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan, ẹ̀gbẹ́ imú àti àárín iwájú orí nìkan. Ẹ ka ẹ̀yìn ìgò kí ẹ tó rà á. Tí orúkọ tó ń parí pẹ̀lú "cone" tàbí "siloxane" bá wà lókè pátápátá nínú primer, kí ó wà lókè nínú foundation náà. Silicone ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Tí ọ̀kan bá jẹ́ ti silicone tí èkejì sì jẹ́ èyí tí a fi omi pò, wọn kì í sábà gba ara wọn; wọn á máa ká jọ bí ìdọ̀tí tí ènìyàn ń họ lára.

Foundation tí mo lò jẹ́ olómi, kò gbẹ pátápátá bẹ́ẹ̀ ni kò dán jù. Àwọ̀ méjì ni mo pò, torí pé iwájú orí àti àyíká ẹnu Màmá dúdú ju àárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, bó ṣe rí lójú púpọ̀ nínú wa. Àyà àti ọrùn ni mo fi wọn àwọ̀, ní ẹnu fèrèsé. Ẹni tó bá fi àárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ọ́n yóò gbé ojú funfun lé ọrùn dúdú. Ìtẹ̀ méjì péré ni mo mú láti inú ìgò, mo sì kán òróró ìpara ojú ẹ̀kán kan sí i. Fóòmù tí mo rì sómi tí mo sì fún gbẹ dáadáa ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú, láti àárín lọ sí ẹ̀bá. Ibi tí ojú bá ti mọ́ tẹ́lẹ̀, fóòmù tó ṣẹ́kù nìkan ni mo gbà kọjá.

Pélé gba sùúrù. Tí foundation bá kún inú rẹ̀, yóò gbẹ síbẹ̀, yóò sì hàn bí ìlà funfun. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbẹ gbá inú ìlà kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì fi etí fóòmù tẹ̀ ẹ́. Mi ò gbìyànjú láti pa á rẹ́. Ara ojú wọn ni, ó sì bá aṣọ òkè mu. Bákan náà ni àwọn kókó dúdú kéékèèké tó máa ń hù lẹ́bàá ojú àwọn àgbàlagbà wa: tí ẹ bá da concealer (ìpara tó nípọn tí a fi ń bo àbàwọ́n ojú) bò wọ́n, yóò kó jọ sí ìdí wọn, wọ́n á sì hàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Abẹ́ ojú dúdú, nítorí náà mo fi ìpara aláwọ̀ ọsàn tẹ́ẹ́rẹ́ sí kọ̀rọ̀ ojú lápá imú, kí n tó fi concealer tó tó hóró ìrẹsì kan lé e ní ojú kọ̀ọ̀kan. Ojú òsì ni mo ti ṣàṣìṣe. Mo rò pé kò tíì bò, mo tún fi ẹlẹ́ẹ̀kejì lé e. Kò pẹ́ tí Màmá fi rẹ́rìn-ín, ìlà mẹ́ta sì yọ. Àtíkè kọ́ ni a fi ń tún èyí ṣe. Mo fi ìpara díẹ̀ sí orí fóòmù tó rin, mo tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ títí ìpele òkè fi wá kúrò, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òkùnkùn díẹ̀ lábẹ́ ojú sàn ju ìlà tó ń sán lọ.

Àtíkè kò kan abẹ́ ojú rárá. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré ni mo fi fi í sí ẹ̀gbẹ́ imú, àgbọ̀n, àti ibi tí etí gèlè yóò jókòó sí níwájú orí, kí foundation má baà kun gèlè. Àtíkè aláwọ̀ ara ni mo lò. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tó funfun: tí iná kámẹ́rà bá kọ mànà, ojú yóò yọ bíi ti ẹni tó fi ẹfun kunra.

Bílọ́ṣì, àwọ̀ tí a fi ń kun ẹ̀rẹ̀kẹ́, olóròóró ni mo lò, ìka méjì sí imú, lórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo sì fà á lọ sókè sí ìhà etí. Ẹ má ní kí àgbàlagbà rẹ́rìn-ín kí ẹ tó fi í sí ibi tó yọ. Nígbà tí ẹ̀rín bá tán, bílọ́ṣì yóò ti sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ojú yóò sì dà bíi pé ó rẹ̀.

Ojú lílà ni Màmá ti ní kí n lo tìróò àwọn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí a jẹ́ kó jókòó, torí pé òjé wà nínú púpọ̀ nínú tìróò tí wọ́n ń tà lọ́jà. Pẹ́ńsùlù dúdú rírọ̀ ni mo fi sí ìdí irun ìpéǹpéjú òkè, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì fọ́n ọn díẹ̀. Mo jẹ́ kí wọ́n la ojú kí wọ́n máa wo jígí gan-an nígbà tí mo ń fi àwọ̀ ilẹ̀ tí kò dán sí òkè ibi tí awọ ti ká. Tí ẹ bá ní kí wọ́n di ojú kí ẹ tó kun ún, gbogbo iṣẹ́ yín ni yóò wọ abẹ́ awọ tó rọ̀ bí wọ́n bá ti lajú. Ohun tó ń dán kò kọjá ẹ̀kún orí ìka kékeré, ní àárín ìpéǹpéjú nìkan. Irun àlẹ̀mọ́ ẹlẹ́yọ-ẹyọ, mẹ́rin ní ojú kọ̀ọ̀kan, lápá ìta. Èyí tó gùn, tó kún, máa ń wúwo, yóò sì tún fa ìpéǹpéjú wálẹ̀.

Irun òkè ojú wọn ti fọ́nká, díẹ̀ sì ti funfun. Pẹ́ńsùlù aláwọ̀ ilẹ̀ tó dúdú ni mo lò, mo fà á ní ìlà kúkúrú-kúkúrú bí irun, àmọ́ mo fi ìrù rẹ̀ sílẹ̀. Gèlè ló fà á. Bí wọ́n bá ti so gèlè le, awọ iwájú orí a gbéra, ìrù irun ojú a sì bá a gbéra. Mo fi tíṣù sí iwájú orí nígbà tí wọ́n ń wé e, mo yọ ọ́ nígbà tó dúró, lẹ́yìn náà ni mo tó fa ìrù náà parí, mi ò sì jẹ́ kó sọ̀ kọjá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ètè: mo nu òrí kúrò, mo fi pẹ́ńsùlù aláwọ̀ kan náà yí i ká kí lípísítíìkì má baà ṣàn wọ àwọn ìlà òkè ètè, mo kun ún, mo fi tíṣù tẹ̀ ẹ́, mo tún un kùn. Èyí tí ń gbẹ bí ọ̀dà kò dára fún wọn. Kí wọ́n tó jẹun tán yóò ti bó ní àárín.

Mo fọ́n setting spray, omi tí a fi ń mú kí mékọ̀ọ̀pù dúró, láti ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ̀ẹ̀mẹta, mo fi fóòmù tẹ̀ ẹ́ wọlé. Lẹ́yìn náà mo fi fóònù ya Màmá pẹ̀lú iná: wọ́n dákẹ́, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọrùn àti ojú dọ́gba. Gbogbo rẹ̀ gba wákàtí kan àti ìṣẹ́jú ogún.

Mo fi tíṣù àti lípísítíìkì sí àpò wọn. Tí òógùn bá dé lábẹ́ kánópì, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ gbẹ, kí wọ́n má nù ún, kí ẹnikẹ́ni má sì fi àtíkè lé òógùn. Ní alẹ́, kí wọ́n fi òróró rin òwú, kí wọ́n gbé e lé ojú tí wọ́n dì fún ìṣẹ́jú kan kí gọ́ọ̀mù irun àlẹ̀mọ́ náà rọ̀, kí wọ́n tó fà á wálẹ̀ jẹ́jẹ́.